Mac Tàbí Windows: Ẹ Bi Atẹ̀wé Yín

Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ra mọ́tò l'Ékòó láì ronú kan ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Mọ́tò lè rẹwà, kó máa sáré bí ẹ̀fúùfù. Bí mẹkáníìkì àdúgbò kò bá mọ ìdí rẹ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì sí lọ́jà, inú ọgbà ilé ni táyà rẹ̀ yóò rọ sí. Irú làákàyè yẹn ni mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa ṣe kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú àti èèpo ìwé gbé dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà.

Mac ló kọ́kọ́ dé ìdí iṣẹ́ ìto ìwé, ẹ má jẹ́ ká jà á níyàn. Lọ́dún 1985, nǹkan mẹ́ta pàdé ní Amẹ́ríkà: Macintosh tí Apple gbé jáde lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter tó gbọ́ èdè PostScript ti Adobe, àti PageMaker, ètò ìto ojú ewé tí ilé iṣẹ́ Aldus ṣe. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó ń to ojú ewé ìwé ìròyìn ní láti máa fi abẹ gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀, kó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Lójijì, ohun tí ojú rí lórí kọ̀ǹpútà ló ń jáde sórí ìwé. Okìkí ìgbà yẹn ni Mac ṣì ń jẹ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà ìwé lókè òkun.

Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, ò bá ọ̀nà yẹn lọ. CorelDRAW, ètò ìyàwòrán tí ilé iṣẹ́ Corel ní Kánádà gbé jáde ní 1989, orí Windows ni wọ́n ṣe é fún, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá níbẹ̀ fi ń kọ́ ọmọṣẹ́. Corel tiẹ̀ pa Mac tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di 2019 kó tó padà síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ olókùú á to ìwé ètò ìsìnkú sórí MacBook pẹ̀lú ètò InDesign, á gbé fáìlì dé ṣọ́ọ̀bù, atẹ̀wé tó ń lo Corel á ní, "Àǹtí, kò ṣí o." Bó bá sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀nà àwọn oní-Corel ni kí wọ́n tẹ Ctrl àti Q, kí lẹ́tà di àwòrán, kó má bàa yí padà níbikíbi tó bá dé. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá wá rántí pé ọjọ́ ìbí bàbá kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tún nọ́ńbà náà tẹ̀ bí ọ̀rọ̀ mọ́. Àfi kí wọ́n tún un kọ.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò kan Mac tàbí Windows rárá. Ẹ wo lẹ́tà ẹ́. Unicode fún ẹ ní àyè tirẹ̀, kò fún ẹ́. Kọ̀ǹpútà ló máa gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ iṣẹ́ yìí, àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sáàárín orúkọ olóògbé. Charis SIL mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọ̀ náà ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe tirẹ̀. Tàdáwà cyan, magenta, yellow àti dúdú, pẹ̀lú pléètì mẹ́rin, ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg fi ń ṣe tiẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà á ṣú lórí bébà, iye yòówù kí ẹ ra kọ̀ǹpútà náà.

Ní ti iná ọba tó ń ṣe ségesège, Mac lè borí níbí, nítorí láti 2020 tí Apple ti ń fi ṣíìpù tirẹ̀ sínú MacBook, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ gan-an. Àmọ́ RAM tó bá wá pẹ̀lú rẹ̀ náà ni ẹ ó máa lò títí, kò ṣeé fi kún. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo Windows ṣeé tú, ó ṣeé fi kún.

Lójú tèmi, ẹni tó bá ń to ìwé olójú-ewé púpọ̀, tó sì ń fi PDF ránṣẹ́, kó ra Mac bí owó bá wà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń parí sí Ṣómólú, kó ra Windows. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ bá atẹ̀wé yín, kí ẹ bi í pé irú fáìlì wo ló ń gbà.