Ìbéèrè àti Atọ́ka: Bí Dátábéèsì Ṣe Lè Tètè Dáhùn

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀nà lè má ṣìnà, síbẹ̀ kó pẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí nídìí dátábéèsì, èyí tí í ṣe ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń kó dátà pamọ́ sí létòlétò. Ìdáhùn tó tọ̀nà lè jáde lẹ́yìn tí ẹni tó béèrè ti jókòó títí tó ti sú u. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò lọ rẹrẹ nítorí èsì ìdánwò, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ ti gbó, kí a wá owó ra òmíràn. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé lọ́pọ̀ ìgbà, àléébù náà kò sí lára ẹ̀rọ. Ó wà nínú bí a ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ àti bóyá a la ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ìpìlẹ̀ Dátábéèsì Alátẹ

Ní ọdún 1970, Edgar F. Codd, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, dábàá pé kí a máa to dátà sínú àtẹ tó ní ìlà àti òpó, kí ẹni tó fẹ́ lò ó kàn sọ ohun tó ń wá láìjẹ́ pé ó mọ ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí. Ní ọdún 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà wà ní IBM, gbé èdè kan jáde fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èdè náà ló di SQL tí a mọ̀ lónìí.

Ẹni tó ń lo SQL ń sọ ohun tó fẹ́ ni. Kì í sọ ọ̀nà tí a óò gbà mú un wá. Dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló ń yan ọ̀nà, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ní ọdún 1979, Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ṣàlàyé bí dátábéèsì ṣe lè ṣírò ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò ná an, kó sì mú èyí tó fúyẹ́ jù. Ìlànà yìí ṣì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ dátábéèsì òde òní.

Iṣẹ́ Atọ́ka

Ká mú un pé àtẹ èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlà 1,000,000, tí olùkọ́ sì béèrè báyìí:

SELECT maaki FROM esi WHERE nomba = 45207

Bí kò bá sí atọ́ka lórí òpó nọ́ńbà, dátábéèsì yóò ka gbogbo ìlà náà láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ka ìwé atúmọ̀ èdè láti ojú-ìwé kìn-ín-ní. Atọ́ka ló ń gba dátábéèsì lọ́wọ́ wàhálà yìí. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni B-tree, èyí tí Rudolf Bayer àti Edward McCreight tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Atọ́ka yìí pín nọ́ńbà sí ìsọ̀rí, ó sì tún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan pín sí kéékèèké. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 100, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ti tó láti dé ìlà tí à ń wá, nítorí pé 100 lọ́nà 100 lọ́nà 100 jẹ́ 1,000,000.

Ẹ̀wẹ̀, atọ́ka kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nígbàkúùgbà tí ìlà tuntun bá wọlé, dátábéèsì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àtẹ, kó sì tún kọ ọ́ sínú gbogbo atọ́ka tó wà lórí àtẹ náà. Òpó tí a sábà ń fi wá nǹkan ló yẹ kó ní atọ́ka. Kì í ṣe gbogbo òpó.

Ìbéèrè tó ń Dí Ara Rẹ̀ Lọ́nà

Atọ́ka lè wà kí ìbéèrè má lè lò ó. Bí a bá kọ WHERE YEAR(ojo) = 2023, dátábéèsì ní láti fa ọdún yọ lára ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó mọ èyí tó bá a mu. Ọjọ́ ló wà nínú atọ́ka. Ọdún kò sí níbẹ̀. Ohun tó sàn ni kí a kọ ọ́ báyìí:

WHERE ojo >= '2023-01-01' AND ojo < '2024-01-01'

Bákan náà ni ti ẹni tó fi LIKE '%ade' wá orúkọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mọ ìparí ọ̀rọ̀ láìmọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè kò lè ràn án lọ́wọ́.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí a lè béèrè pa pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 500, tí ètò orí kọ̀ǹpútà sì béèrè máàkì wọn nígbà 500, ó dà bí ẹni tó lọ sọ́jà nígbà 500 nítorí ata 500. Ìbéèrè kan tó so àtẹ orúkọ mọ́ àtẹ èsì lè kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan.

Àyẹ̀wò Ṣáájú Ìtọ́jú

Oníṣègùn kì í fún aláìsàn lóògùn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nínú PostgreSQL àti MySQL, bí a bá kọ EXPLAIN síwájú ìbéèrè, dátábéèsì yóò fi ọ̀nà tó fẹ́ gbà hàn. Nínú PostgreSQL, Seq Scan túmọ̀ sí pé yóò ka gbogbo àtẹ. Index Scan túmọ̀ sí pé yóò gba ojú atọ́ka. Àmọ́ o, kíka gbogbo àtẹ kì í fi gbogbo ìgbà burú: bí àtẹ bá kéré, tàbí tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìlà rẹ̀ ni à ń fẹ́, ọ̀nà náà ló yá jù. Nítorí náà, kí a má ṣe fi àtẹ onílà 50 dán ìbéèrè wò, kí a wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yá lórí 1,000,000. Ó sì yẹ kí a máa lo àṣẹ ANALYZE, kí ìṣirò dátábéèsì nípa àtẹ rẹ̀ má baà di ti àtijọ́.

Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé bí iye ìlà tí ìbéèrè kan ń kà bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀rọ tuntun lè ka ìlà 1,000,000 kíákíá ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlà 1,000,000 náà ni yóò ṣì kà, bẹ́ẹ̀ àtẹ èsì ń gbòòrò sí i lọ́dọọdún. Ó yẹ kí olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé bí ìdáhùn bá tọ̀nà, iṣẹ́ kò tíì parí. Kó tún wo ọ̀nà tí ìdáhùn náà gbà wá, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó náwó lórí ohun tí atọ́ka kan ṣoṣo lè tún ṣe.