Iná Kò Dá Ìbò Kankan Padà l'Óǹdó, Ìwé Ló Dá A Padà

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ n'Ìjù níbí: kí la tún fẹ́ dìbò fún? Ṣebí iye tó bá wù wọ́n náà ni wọ́n á kọ! Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kẹjọ 1983 ni àkọ́kọ́. Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin ti UPN àti Olóyè Akin Ọmọ́bòríowó ti NPN, tó ti ṣe igbákejì rẹ̀, ni wọ́n jọ du ipò. Bí FEDECO ṣe kéde pé Ọmọ́bòríowó ló wọlé báyìí, Àkúrẹ́ gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun mọ́tò, wọ́n pa èèyàn. Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, tó ń tẹ ìwé jáde, wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Ìbò mélòó ni iná yẹn dá padà? Kò dá ẹyọ kan padà! Ilé ẹjọ́ ni Ajáṣin gbà lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló wọlé. Ó padà sórí àga, àmọ́ àwọn tó kú ò padà. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún yẹn ni àwọn ológun gbàjọba.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni oṣù kẹrin 2007. INEC ní Dókítà Olúṣẹ́gun Àgagú ti PDP ló wọlé. Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò ti Labour Party, ọmọ ìlú Oǹdó, ní irọ́ ni, ó sì kó ìwé lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n yẹ àtẹ̀ka orí ìwé ìbò wò, wọ́n rí ibi tí ọwọ́ kan ti tẹ ọ̀pọ̀ ìwé. Mímíkò jàre ní oṣù keje 2008. Nígbà tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2009, ọjọ́ kejì ni wọ́n búra fún un. Gómìnà tó ní ọlọ́pàá lẹ́yìn, ó kúrò lórí àga nítorí pé adájọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba àwa-ara-wa nìyẹn. Bí ọjà ló rí. Ẹni tó ń ta gààrí ló ń wọn kọ́ńgò, ẹni tó ń rà ń wò ó, bí wọ́n bá jà, ìyálọ́jà ló ń dá a. Bí ẹni tó ń tà bá tún ń dájọ́ ara rẹ̀, ta ni yóò rí ẹ̀tọ́ gbà? Ìdí nìyẹn tí òfin fi pín agbára sọ́wọ́ gómìnà, aṣòfin àti adájọ́.

Lóòótọ́, ẹjọ́ Mímíkò pẹ́, ó tó bí ọdún méjì. Ní báyìí, òfin ti fún ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ìbò ní 180 ọjọ́ péré.

Àmọ́ o, ibi tí ẹ ti ń dìbò ni ìwé adájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sáré lọ sílé. Ẹ dúró kí wọ́n kà á lójú yín, kí aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síta. Ẹ kì í fi kọ́ńgò sílẹ̀ fún olóńjẹ nìkan, àbí? Ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ bí tiyín ṣe rí.