Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, owó ṣì ń wọlé! Ohun tójú àwọn akankọ̀ Dẹ́nmáàkì rí

Ẹni tó bá ti gba Àpápá kọjá rí l'Ékòó kò ní ṣàì mọ àwọn kọ̀ńténà tí wọ́n kọ MAERSK gàdàgbà sí lára. Ará Dẹ́nmáàkì, ní àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ohun tó mú wọn wá sẹ́nu mi lónìí ni ìbéèrè kan táwọn èèyàn máa ń bi wá ṣáá: ṣé lóòótọ́ ni pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nílùú òyìnbó, ńṣe ni yóò kàn jókòó sílé, tí ìjọba á máa sanwó fún un?

Ẹ fara balẹ̀ o, nítorí ìlú òyìnbó kì í ṣe ẹyọ kan.

Ìlú kékeré kan wà ní Dẹ́nmáàkì tó ń jẹ́ Munkebo, nítòsí Odense. Láti 1959 ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ níbẹ̀, ní ọgbà tí wọ́n ń pè ní Lindø. Kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́pọ́n Ẹ̀pẹ́ là ń wí yìí o! Ní 2006, wọ́n kan èyí tí wọ́n sọ ní Emma Mærsk, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 397. Tẹ́ ẹ bá to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, kò gùn tó o. Nígbà yẹn, kò sí ọkọ̀ akóǹténà tó tóbi tó o láyé.

Àmọ́ ọjà kò mọ oníṣẹ́ ọnà. Àwọn ará Kòríà àti Ṣáínà ń kan ọkọ̀ tiwọn ní owó tó dínwó sí i. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé wá dojú dé ní 2008, àwọn tó ń ra ọkọ̀ tuntun fà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ 2009, Maersk tó ni Lindø kéde pé òun máa tì í pa. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún. 2012 ni wọ́n parí ọkọ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ní oṣù kejì 2011, nígbà táwọn tó kù ní Lindø ṣì ń jó irin lọ́wọ́, Maersk yìí kan náà lọ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Daewoo ní Kòríà pé kí wọ́n bá òun kan ọkọ̀ 10 tó tún tóbi ju Emma lọ! Kó tó pẹ́, ó ti di 20. Bàbá tó ní ọmọ káfíńtà nílé, tó lọ ra àga níta. Àbí kí lẹ rí sí i?

Ṣùgbọ́n àwọn ará Munkebo kò sùn lébi. Ní Dẹ́nmáàkì, kò fi bẹ́ẹ̀ nira fún ọ̀gá láti dá òṣìṣẹ́ dúró. Ohun tí ìjọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àtàwọn ọ̀gá fẹnu kò sí ni pé bẹ́ ẹ bá dá a dúró, a ò ní jẹ́ kó já lulẹ̀ gbìì. Wọ́n ní àjọ tí wọ́n ń pè ní a-kasse. Òṣìṣẹ́ tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́, oṣooṣù ló ń dáwó síbẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń dá tẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìjọba á sì bu tiẹ̀ lé e. Ọjọ́ tíṣẹ́ bá lọ, owó tí wọ́n á máa san fún un lè tó 90 nínú 100 èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Òpin kan wà ṣá tí kò lè kọjá, torí náà mẹ̀kúnnù ló ṣe láǹfààní jù.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé oorun ni wọ́n ń sùn. Ó gbọ́dọ̀ máa wáṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ gbà láti kọ́ṣẹ́ mìíràn. Tó bá kọ̀, wọ́n lè dáwó náà dúró. Láyé ọjọ́un, ọdún 7 gbáko lèèyàn lè fi gbà á. Wọ́n gé e sí 4. Ní 2010, wọ́n tún gé e sí 2, ariwo sì ta. Kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: owó orí wọn ga, ohun tó bá tó 100 lọ́jà, 25 ni wọ́n ń fi lé e fún ìjọba.

Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà ní àpò owó kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 fún àwọn tí òwò àgbáyé bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mú nínú rẹ̀ fáwọn akankọ̀ Lindø láti fi kọ́ṣẹ́ tuntun. Lónìí, ohun èlò fún ẹ̀rọ ńlá tó ń fi atẹ́gùn ojú òkun pèsè iná mànàmáná ni wọ́n ń ṣe nínú ọgbà náà. N kò ní purọ́ pé gbogbo wọn ló rí iṣẹ́ tó dà bíi ti àkọ́kọ́ o. Ẹni tó ti fi 30 ọdún jó irin, kò rọrùn kó di nọ́ọ̀sì.

Ẹ wá gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì wò, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ní Redcar, ilé iṣẹ́ irin kan wà tó jẹ́ ti àwọn ará Táílàndì. Irin olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà kún ọjà, iye irin já wálẹ̀, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa ní oṣù kẹwàá 2015. Òṣìṣẹ́ 2,200 ló ká mọ́. Ìjọba kéde 80 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, àmọ́ apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí òfin ti ní kí wọ́n san fún ẹni tí wọ́n bá dá dúró. Owó àìríṣẹ́ ńkọ́? £73.10 lọ́sẹ̀ ni lọ́dún náà fún ẹni tó ti lé ní 25 ọdún, ì báà jẹ́ £600 ló ń gbà lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò òun àti ti ìyàwó rẹ̀ wò. Òwò kan náà ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ dúró ná! A-kasse kò mọ àlejò àná. Ó kéré tán, èèyàn ní láti ti wà nínú ẹgbẹ́ náà fún ọdún kan, kó sì ti ṣiṣẹ́ gbowó tó iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, kó kọ̀wé sí wa, ká gbọ́ tẹnu tiwọn náà.