Kí Òjò Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jú Ilé fún Àwa Tí A Ń Gbé Òkè Ọya

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, a máa ń bá àwọn tí wọ́n ṣílé yọ̀, a sì máa ń gbàdúrà pé kí ilé náà tù wọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹ ìrẹsì tán, tí àlejò sì ti lọ, ohun tí ó kù fún onílé kì í ṣe ìsinmi. Ẹni tí ó háyà yàrá, bí òrùlé bá ń jò, lánlọ́ọ̀dù ni yóò ké sí. Ta ni lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ yóò ké sí?

Ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò. Àwọn baba wa tí wọ́n bá Relúwéè dé, àti àwọn oníṣòwò tí wọ́n tẹ̀lé wọn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí Sábọ̀n Gàrí. Nínú ilé tí a jogún, a ṣì ń rí èyí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ti bulọ́ọ̀kù náà ní wàhálà tiwọn. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé ilé kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìṣó kan ni ó máa ń kọ́kọ́ sún, kí omi tó wọlé, kí igi tó rà, kí òrùlé tó ṣí lọ. Ẹni tí ó bá rí ìṣó náà lásìkò, owó ìṣó ni yóò san. Ẹni tí kò bá rí i, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni yóò mú san owó òrùlé.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Relúwéè mọ àwọn gáńgì ojú irin. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi ẹsẹ̀ rin apá tí a pín fún wọn, kí wọ́n máa wo irin, kí wọ́n máa wo igi abẹ́ irin, kí wọ́n sì fi òòlù gbá èyíkéyìí tí ó bá ti ń sún padà sí àyè rẹ̀. Wọn kì í dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí onílé jẹ́ gáńgì ilé ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó: kí a yí ilé ká ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin kí òjò tó dé, kí a sì tún yí i ká ní oṣù kẹwàá nígbà tí òjò bá ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá ilé àti àwọn ọmọ bá yín rìn. Àwọn ni ó ń gbé abọ́ gba omi nígbà tí bàbá wà ní ibi iṣẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí ó ń jò ju bàbá lọ.

ÒRÙLÉ

Òjò Kánò kì í pẹ́ tó ti ilé wa, nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ìjì tí ó ń ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìlà oòrùn ni ìjì náà sábà ń gbà wá, etí páànù tí ó bá sì kọjú sí i ni ó ń gbá mú. Nítorí náà ni káfíńtà tí ó mọṣẹ́ fi ń to páànù tí etí èyí tí ó wà lókè máa ń kọ ẹ̀yìn sí ìlà oòrùn. Orí ibi tí páànù ti ga ni ó sì ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń bá ṣàn.

Ọ̀sán máa ń mú páànù gbóná kí ó nà, òru á mú un tutù kí ó súnkì. Ọyẹ́ á tún gbẹ igi abẹ́ rẹ̀ títí ihò ìṣó yóò fi fẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ yóò bá fi dé, ìṣó ti ń jó nínú ihò. Kí a gbá irú ìṣó bẹ́ẹ̀ wọlé padà kò wúlò, nítorí ihò náà kò ní dì í mú mọ́. Ẹ fà á yọ, kí ẹ fi èyí tí ó gùn jù ú lọ dípò, kí ẹ sì ki rọ́bà tí a gé lára táyà inú kẹ̀kẹ́ sí abẹ́ orí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń fi sìmẹ́ńtì dí ojú jíjò. Sìmẹ́ńtì kì í nà, kì í súnkì bí páànù, nítorí náà kò ní pẹ́ tí yóò fi là, tí omi yóò sì tún rí ọ̀nà. Aṣọ líle tí a rì sínú kóltà, tí a tẹ̀ mọ́ ojú páànù tí a ti fọ̀ tí ó sì ti gbẹ, dára jù ú lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ibi tí omi ń kán sí nínú yàrá lè máà jẹ́ ibi tí páànù ti lu, nítorí omi máa ń tẹ̀lé igi lọ kí ó tó já bọ́. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ẹ ṣí àjà, kí ẹ wo òkè láti inú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ìràwọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

ÒGIRI

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu tí ògiri là kọ́ ni ó burú bákan náà. Èyí tí ó tín-ín-rín bí irun, tí ó wà lójú sìmẹ́ńtì nìkan, kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tí ó ń dagun lọ sí ìsàlẹ̀, tí a sì ń rí i nínú àti lóde, ni kí a bẹ̀rù. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kékeré sí ìparí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí oṣù kan bá kọjá tí lílà náà ti ré kọjá ìlà pẹ́ńsùlù, ilẹ̀ abẹ́ ilé ni ó ń rìn. Ẹ má rẹ́ ẹ pa mọ́. Ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀.

Ti ògiri amọ̀ yàtọ̀. Sìmẹ́ńtì tí a rẹ́ mọ́ ọn kì í jẹ́ kí ó mí. Bí omi bá gba ìdí tàbí orí ògiri wọ inú, kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ á wú, sìmẹ́ńtì á sì máa já bọ́ bí èèpo. Àwọn Haúsá tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ní ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí a kọ́. Wọ́n á rẹ èèpo èso igi igbá, igi kan náà tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, sínú omi. Omi náà ni wọ́n ń pè ní makuba. Wọ́n á fi í po amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́ dànù.

Ìdí ògiri ni kí a ṣọ́ jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi òrùlé máa gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí pàǹtí dí gọ́tà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, dáàmù Bàgàúdà ya ní Kánò, omi sì wó ilé púpọ̀. Ti ọdún yẹn kọjá agbára onílé. Ṣùgbọ́n òjò lásán náà ń wó ògiri amọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti mu omi, àárín òru kò sì ṣe àjèjì sí i. Bí ògiri yàrá kan bá ti ń tẹ̀ nígbà òjò, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má sọ pé ó di ìparí oṣù.

IKÁN

Ikán kì í rìn ní gbangba. Ó máa ń fi erùpẹ̀ mọ ọ̀nà tóóró gun ògiri lọ sínú igi òrùlé. Bí ẹ bá rí i, ẹ ha á dànù, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá ti tún un mọ, ó ń gbé nítòsí. Ẹ fi òòlù kan igi ilẹ̀kùn àti ti òrùlé. Èyí tí ó bá dún bí agbè òfìfo, inú rẹ̀ ti lọ. Ẹ má ṣe to igi ìdáná ti ògiri. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí igi tí ó jókòó lórí ilẹ̀, nítorí òrùlé tí ikán jẹ ṣeé rà padà, ìwé tí ó jẹ kò rọrùn láti gbà padà.

IṢẸ́ TÍ A LÈ FỌWỌ́ ARA WA ṢE

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri bulọ́ọ̀kù, kí ó po garawa sìmẹ́ńtì kan mọ́ garawa yanrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí yanrìn náà sì mọ́ láìní amọ̀ nínú. Omi púpọ̀ a máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Bí ó bá ti dì, kí a máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbígbẹ ni sìmẹ́ńtì ń gbẹ kí ó tó le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni ó fi ń le, bí ó bá sì tètè gbẹ, yóò máa bù bí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ má sì kó àpò sìmẹ́ńtì pa mọ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, kí ẹ sì tò ó sórí pákó, kì í ṣe ilẹ̀ lásán.

IṢẸ́ TÍ KÌ Í ṢE TIWA

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí owó oníṣẹ́ kò tó ẹ̀mí ẹni. Àkọ́kọ́ ni iná mànàmáná. Bí fíúsì bá ń jó léraléra, ó ń sọ pé nǹkan kan bàjẹ́ níwájú. Ẹni tí ó bá fi waya tí ó nípọn dípò rẹ̀ ti di ẹnu ẹlẹ́rìí, ilé ni yóò sì jó. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìní òórùn tí yóò jí i, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá, kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀kẹta ni kànga àti ṣáláńgá. Afẹ́fẹ́ burúkú lè wà nísàlẹ̀ wọn, ẹni tí ó bá sì wọ̀ ọ́ láti gbé ẹni tí ó ṣubú náà lè máà jáde.

Ẹ̀kẹrin ni asbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí a fi ṣe àjà àti òrùlé ilé púpọ̀ láyé àwọn baba wa. Lónìí a ti mọ̀ pé eruku rẹ̀ a máa fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ó bá wà láìfọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ má sì gun orí rẹ̀, nítorí ó lè fọ́ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀.

OWÓ ONÍṢẸ́

Bí a bá pe oníṣẹ́, kí a fúnra wa ra ohun èlò, kí a ka àpò nígbà tí ó wọlé, kí a sì ka àpò òfìfo nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Kí a pín owó ọwọ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní àárín, ìkẹta lẹ́yìn tí òjò kan bá ti rọ̀ sórí iṣẹ́ náà. Oníṣẹ́ tòótọ́ kì í bínú sí èyí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dára, kí a má ṣe fi owó rẹ̀ falẹ̀, nítorí òun náà ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́.

ILÉ KEJÌ

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ilé mìíràn nílé. Ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ yára bàjẹ́ ju èyí tí a ń gbé lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ nígbà tí omi bá ń kán, kò sí ẹni tí yóò ha ikán. Ẹ fi ènìyàn sínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè san owó. Ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin ni ó padà wálé ní wàràwàrà. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò nílò ilé rẹ̀.

Níbi ilé kejì yìí náà ni ìjà ẹbí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi owó páànù ránṣẹ́ láti Kánò, ó dé ilé nígbà Kérésì tàbí Iléyá, ó bá òrùlé tí ó ṣì ń jò. Àbúrò ní owó kò tó, ẹ̀gbọ́n ní ó ti ná an. Lẹ́yìn èyí, wọ́n di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́. Bóyá kò sí olè láàárín wọn rárá. Ohun tí ó sábà ń fà á ni pé kò sí ìwé.

Nítorí náà, àbá wa ni kí onílé kọ̀ọ̀kan ra ìwé kékeré kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó pè é ní ìwé ilé. Kí a kọ ọjọ́ iṣẹ́ sínú rẹ̀, irú iṣẹ́ náà, ẹni tí ó ṣe é àti iye owó rẹ̀. Kí a kọ ibi tí páìpù omi gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, ibi tí ihò ṣáláńgá àtijọ́ wà, àti iye páànù tí ó wà lórí ilé. Kí àbúrò tí ó wà nílé ní tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó máa fi tẹlifóònù ya àwòrán iṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá parí. Lọ́jọ́ tí bàbá kò bá sí mọ́, àwọn ọmọ kò ní máa gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri láti wá páìpù, wọn kò sì ní máa bi ara wọn léèrè ẹni tí ó náwó sórí ilé àti ẹni tí kò ná an.

A rọ gbogbo onílé pé kí wọ́n yí ilé wọn ká kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó pé. Káfíńtà, bíríkìlà àti oníṣẹ́ iná tí ó wà láàárín wa, kí wọ́n dìde níbẹ̀ kí a mọ̀ wọ́n, kí a lè máa ríṣẹ́ gbé fún ara wa. Opó tí òrùlé rẹ̀ ń jò tí kò sì ní agbára, kí ará àdúgbò rẹ̀ fi tó ẹgbẹ́ létí. Òjò kò ní bi wá bóyá a ti ṣe tán.