LÁMÍDÀ ÀTI ÌWÁDÌÍ ÀLÉÉBÙ NÍNÚ ÈÉFÍN ỌKỌ̀: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌDÁNWÒ MOT NÍ ILẸ̀ BÌRÌTÉÈNÌ

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ìdánwò ọdọọdún tí òfin ilẹ̀ Bìrìtéènì là sílẹ̀ fún ọkọ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà níbẹ̀ ń pè ní MOT, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960. Bíréèkì, iná àti ètò ìdarí ọkọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà náà. Ọdún 1991 ni wọ́n fi àyẹ̀wò èéfín kún un fún ọkọ̀ tí ó ń lo bẹntiróòlù. Láti ìgbà náà wá, ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń mú dáadáa, tí táyà rẹ̀ sì dára, lè kùnà nítorí èéfín nìkan. Bí ìwé ọdún tí ó kọjá bá sì ti parí, ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ wà á ní títì mọ́, àfi bí ó bá ń gbé e lọ fún àtúnṣe tàbí fún ìdánwò tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé ìkùnà náà kì í sọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀. Iye gáàsì ni ó máa ń kọ sílẹ̀. Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn wo iye tí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó dá kátálíìsì lẹ́bi, kí ó ra òmíràn ní owó gọbọi, kí ọkọ̀ náà sì tún kùnà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kókó tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iye tí ó mú kí ọkọ̀ kùnà kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Lámídà ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ síbi rẹ̀, nítorí òun ni ó lè ya ẹ̀bi ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bi kátálíìsì.

2.0 OHUN TÍ Ẹ̀RỌ Ń KÀ

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ti ọ̀pá rẹ̀ bọ ẹnu páìpù èéfín ń ka gáàsì mẹ́rin. Èkíní ni kábọ̀n-mònóksáìdì, CO, tí ó máa ń jáde nígbà tí epo kò bá rí ọ́síjìn tí ó tó láti jó tán. Kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn nínú gáréèjì tí a tì pa. Èkejì ni háídírókábọ̀n, HC, èyí tí í ṣe epo tí kò jó rárá. Ẹ̀kẹta ni kábọ̀n-dàóksáìdì, àmì pé epo jó dáadáa. Ẹ̀kẹrin ni ọ́síjìn tí ó ṣẹ́ kù. Lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣírò lámídà.

Fún ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2002, bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò bá ní iye tirẹ̀, CO kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní nǹkan bí ìgbà 2,500 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. HC kò gbọdọ̀ ju 200 lọ nínú mílíọ̀nù kan, lámídà sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.97 sí 1.03. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́ láìtẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílóò, wọ́n fàyè gba CO dé 0.3.

3.0 ÌTUMỌ̀ LÁMÍDÀ

Kílò bẹntiróòlù kan nílò nǹkan bí kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó lè jó tán láìṣẹ́ ohunkóhun kù. Bí afẹ́fẹ́ tí ó wọlé bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú epo, lámídà jẹ́ 1.00. Bí epo bá pọ̀ jù, ó ń lọ sílẹ̀ ju 1.00 lọ, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ó ń gòkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Kátálíìsì ń mú CO àti HC pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ó sì ń sọ wọ́n di kábọ̀n-dàóksáìdì àti omi. Ṣùgbọ́n kò fi ọ́síjìn kún ohun tí ó gbà, kò sì yọ kábọ̀n kankan kúrò nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá kó owó láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì, iye owó tí ó wà lára rẹ̀ kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lámídà tí wọ́n ṣírò ní ẹnu páìpù rí: ohun tí ó wọ inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń sọ, yálà kátálíìsì ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú. Ẹni tí kò bá lóye èyí yóò máa ka iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni pé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

4.0 KÍKA ÈSÌ PỌ̀

Bí èsì bá gbé CO 0.6, HC 150, ọ́síjìn 0.5 àti lámídà 1.00 jáde, CO nìkan ni ó kùnà. Lámídà ti jẹ́rìí pé epo àti afẹ́fẹ́ ṣe rẹ́gí. CO 0.6 yìí kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le ń tú jáde kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ kátálíìsì. Nítorí náà, kátálíìsì ni kò ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo èsì tí ó ṣeé ṣe, irú èyí nìkan ni ó dá a lẹ́bi ní tààrà.

Bí CO bá jẹ́ 3.0, tí HC jẹ́ 250, tí ọ́síjìn jẹ́ 0.2, tí lámídà sì jẹ́ 0.92, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Epo pọ̀ jù, kò sì sí ọ́síjìn tí kátálíìsì lè fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tuntun gan-an kò lè ṣe é. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n lọ wò: bóyá ínjẹ́kítọ̀ kan ń jò, bóyá sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti gbó, bóyá ìtì agbára epo ti ga jù. Èyí tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ jùlọ ni sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù nígbà tí ó ti gbóná, kọ̀ǹpútà náà yóò máa da epo sí i gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Sẹ́ńsọ̀ kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kátálíìsì.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ ìrìn kúkúrú nìkan ni ó ń rìn, láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, kì í gbóná tó kí bẹntiróòlù tí ó ti bọ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lè fẹ́ dànù. Ní ọjọ́ ìdánwò tí ẹ́ńjìnnì gbóná gan-an, epo yìí yóò di afẹ́fẹ́, yóò gba páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí padà wọ inú sílíńdà, CO yóò sì ga. Kí wọ́n yọ páìpù náà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n sì wo ẹ̀rọ. Bí CO bá já wálẹ̀ kíákíá, ọ́ìlì tuntun ni oògùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: HC 1,800, ọ́síjìn 2.0, CO 0.5, lámídà 1.01. Ẹni tí ó bá wo HC nìkan yóò sọ pé epo pọ̀ jù. Irọ́ ni. Epo àti ọ́síjìn jọ jáde láìjó, ìwọ̀n wọn sì ṣe rẹ́gí, ìdí nìyẹn tí lámídà kò fi yẹ̀. Iná ni kò tàn nínú sílíńdà kan. Púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti wáyà ni kí wọ́n yẹ̀ wò; bí gbogbo wọn bá dára, kí wọ́n wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, nítorí fáàfù tí ó jó lè fa irú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó ń ya olówó ọkọ̀ lẹ́nu jù. CO jẹ́ 0.1, HC jẹ́ 60, méjèèjì yege. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn jẹ́ 1.8, lámídà sì jẹ́ 1.08, ọkọ̀ sì kùnà. Afẹ́fẹ́ kan ń wọlé láti ibi tí kò yẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n nígbà sílóò, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bí ó bá ń sáré, kí wọ́n wá rọ́bà tí ó là ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí kò sí ohun tí ó ń ṣe é, ihò ni ó wà lára páìpù èéfín. Kí ẹnìkan fi àkísà dí ẹnu páìpù ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń mí fíìfíì ni ihò náà wà.

Bí ihò yìí bá wá wà ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Sẹ́ńsọ̀ rí ọ́síjìn tí ó wọlé láti ìta, ó sọ pé epo kéré, kọ̀ǹpútà da epo sí i. CO ga, ọ́síjìn náà ga. Nígbà tí méjèèjì bá jọ ga báyìí, ó yẹ kí wọ́n dí ihò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, nítorí lámídà fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti da èéfín pọ̀.

5.0 OHUN TÍ Ó PA KÁTÁLÍÌSÌ

Inú kátálíìsì dà bí afárá oyin tí wọ́n fi amọ̀ líle mọ, tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium bò. Àwọn irin iyebíye wọ̀nyí ni ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, àwọn náà ni ó mú kí àwọn olè máa gé e kúrò lábẹ́ ọkọ̀ lóru. Kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọkọ̀ tí ó ti dúró fún wákàtí kan lórí ìlà kí ó tó kàn án lè kùnà, kí ó sì yege bí wọ́n bá wà á fún ogún ìṣẹ́jú ní títì tí ó já geere. Kí wọ́n ṣe èyí kí wọ́n tó kéde ikú kátálíìsì.

Bí ó bá sì ti kú lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí ó pa á. Epo tí kò jó nínú sílíńdà ń lọ jó nínú kátálíìsì, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ amọ̀ inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń jẹ ọ́ìlì ń fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bo àwọn irin náà mọ́lẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kátálíìsì tuntun tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò tan iná yóò bá ti àkọ́kọ́ lọ.

6.0 ỌKỌ̀ TÒKUNBỌ̀

Ní ọdún 2020, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ilẹ̀ Netherlands gbé ìròyìn jáde lórí àwọn ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń kó láti orílẹ̀-èdè náà wá sí Áfíríkà. Wọ́n rí i pé wọ́n ti yọ kátálíìsì kúrò lára púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó dì wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí bí yóò ṣe yege MOT. Síbẹ̀, ọ̀nà ìwádìí tí iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ṣì wúlò fún un, nítorí lámídà kò gbára lé kátálíìsì. Mẹkáníìkì tí ó bá ní ẹ̀rọ gáàsì ní Ládípọ̀ tàbí ní Ìbàdàn lè mọ̀ pé CO 0.6 pẹ̀lú lámídà 1.00 lára irú ọkọ̀ yìí jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tí kò ní àléébù. Bí CO bá jẹ́ 3.0 pẹ̀lú lámídà 0.92, bẹntiróòlù tí olówó ọkọ̀ sanwó fún ni ó ń gba páìpù jáde láìjó tán, sẹ́ńsọ̀ omi sì ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.