Ẹ Ṣọ́ra fún Owó Èlé Orí Fóònù!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fetí sílẹ̀ o! Kẹ́ ẹ tó gbowó èlé orí fóònù, wọ́n lè ní àwọn fẹ́ wo nọ́ńbà àwọn èèyàn yín. Tẹ́ ẹ bá tẹ "Allow", ti oníbàárà, ti àna, ti pásítọ̀, gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ayánilówó. Ẹ pẹ́ sanwó báyìí, àwọn mìíràn á kọ̀wé sí wọn pé olè ni yín. Àjọ FCCPC ya wọ ọ́fíìsì irú wọn n'Íkẹjà lóṣù kẹta, ọdún 2022. Ní 2023, Google fòfin dè é ní Play Store. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́, òfin yẹn ò ká a. Ẹ tẹ "Don't allow". Gbèsè ṣe é san. Orúkọ tó bà jẹ́ lọ́jà ńkọ́?