Eré-ìdárayá ìwòsàn fún àrùn rọpárọsẹ̀

Eré-ìdárayá ìwòsàn ni lílo apá, ẹsẹ̀ àti ìyókù ara lọ́nà tí a yàn tí a sì díwọ̀n, kí ẹni tí àìsàn tàbí ìfarapa ti sọ di aláìlera lè rí agbára rẹ̀ gbà padà. Òun ni òpómúléró iṣẹ́ físíótẹ́rápì. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù nílò rẹ̀ gidigidi, nítorí pé iṣan tí a kò lò a máa joro, oríkèé tí a kò yí a sì máa le.

Ìtàn

Ilé-ìwòsàn egungun tó wà ní Igbobi, ní Èkó, wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1945, ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sì ti ṣẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú físíótẹ́rápì ní ọdún 1966. Òfin ọdún 1988 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀.

Wíwọn agbára iṣan

Kí onífísíótẹ́rápì tó yan eré-ìdárayá, ó ní láti mọ ibi tí agbára iṣan dé. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jù ní ipele mẹ́fà:

0: iṣan kò mì rárá.
1: iṣan ń mì díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara náà kò kúrò lójú kan.
2: ẹ̀yà ara náà ń wọ́ lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n kò lè gbéra sókè.
3: ó ń gbéra sókè láìsí ẹrù.
4: ó ń gbéra bí a tilẹ̀ fi ọwọ́ dí i díẹ̀.
5: agbára rẹ̀ pé.

Yíyan eré-ìdárayá

Ní ipele 0 àti 1, oníṣẹ́ náà ni yóò máa yí oríkèé fún aláìsàn, jẹ́jẹ́. Ní ipele 2, aláìsàn yóò gbìyànjú, oníṣẹ́ yóò sì ràn án lọ́wọ́ níwọ̀n tó yẹ nìkan. Ní ipele 3, aláìsàn yóò dá a ṣe. Láti ipele 4 ni a ti ń fi ẹrù kún un.

Dókítà Thomas DeLorme ti Amẹ́ríkà ni ó gbé ìlànà ẹrù tí ń pọ̀ sí i jáde ní ọdún 1945. A ó kọ́kọ́ wá ẹrù tí aláìsàn lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré. Lẹ́yìn náà, yóò gbé ìdajì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, yóò gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó tó gbé odindi. Ike omi lè ṣe iṣẹ́ yìí nílé, nítorí pé omi lítà 1 wọn kílógíráàmù 1.

Dídìde lórí àga

Eré-ìdárayá yìí ṣe pàtàkì nítorí pé òun ni aláìsàn yóò fi dé ilé ìtura. Àga gíga ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì yóò tẹ ilẹ̀, gìgísẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn orúnkún díẹ̀. Aláìsàn yóò tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ yóò fi ré kọjá orúnkún, kí ó tó dìde. Ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni oníṣẹ́ ń dúró sí.

Ààbò

A kì í fa apá tó rọ láti gbé aláìsàn dìde, nítorí pé èjìká lè yẹ̀. A gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju 200/110 lọ, kí a dá eré-ìdárayá náà dúró. Ìyára pàápàá léwu: ìwádìí AVERT, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé mímú aláìsàn dìde léraléra láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ lè dín ìmúbọ̀sípò rẹ̀ kù.

Ní ilé

Ẹni tó ń gbé ní Bàbáńlá, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tó sì ń gba ìtọ́jú ní Ìlọrin kò lè máa lọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ ṣe eré-ìdárayá náà lójú oníṣẹ́ kí wọ́n tó lọ. Kí oníṣẹ́ tó jẹ́ ọ̀dọ́ gba àyè lọ́wọ́ àgbàlagbà kí ó tó fọwọ́ kàn án, kí ó sì máa wo ojú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ pé ó ń dun àwọn.